Ẹ Má Wó Ilé Wa Nítorí Pé Kò Sí Nínú Kọ̀ǹpútà

Ilé Oníyàrá Kan,
Ẹ̀gbẹ́ Ọgbà Ìwádìí,
Ìpẹ̀kun Òpópónà Oníkòtò.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ooru Ilẹ̀ àti Afẹ́fẹ́,
Àjà Kẹta, Ilé Ìgbìmọ̀,
Òpópónà Àwọn Ọ́fíìsì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ILÉ MẸ́GÁÀDÌ TÍ Ẹ NÍ KÍ WỌ́N WÓ KÍ ILẸ̀ LÈ BÁ ÀWÒṢE MU

Kí n tó rojọ́ rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìkọ̀wé mi bínú. Ó rí wúruwùru bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ lórí erùpẹ̀, èmi náà sì rí i. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ irun. Ọ̀rọ̀ kì í tètè wá sí mi lẹ́nu, áńbọ̀sìbọ́sí ẹnu bírò. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé mo pa nǹkan rẹ́, ẹ dákun, ẹ fò ó. Inú ló ń bí mi nígbà tí mo kọ ibẹ̀, ara mi sì ti balẹ̀ báyìí.

Èmi ni ìyàwó mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ilẹ̀ tí ẹ fi okùn yí ká ní ìpẹ̀kun òpópónà wa. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí. Ojú ṣì ń tì mí láti bá ọkọ mi jẹun nínú àwo kan náà bí àlejò bá wà nítòsí, ẹ wá wo bí ojú ṣe máa tì mí tó láti kọ̀wé sí odidi Alága. Ọkọ mi ló yẹ kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ọ̀gá kì í fi ọwọ́ kan náà kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọ̀gá. Ó ní èmi kò sí lábẹ́ yín, pé kò sí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìdí tí mo fi gbé bírò nìyẹn.

Alága, n kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yín ti kan ibẹ̀ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa ni, ó fẹ̀ tó ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti lè gbá bọ́ọ̀lù. Okùn funfun ló yí i ká. Òpó irin kan dúró láàárín rẹ̀, àwọn ife kéékèèké sì ń yí lórí òpó náà bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́. Nínú ilẹ̀ níbẹ̀ lẹ ri àwọn irin tó ń wọn ooru mọ́. Ọ̀kan kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ, òmíràn jìn tó apá. Ilé wa wà lẹ́yìn okùn, kò sí nínú okùn. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ fún mẹ́gáàdì. Orúkọ Ìgbìmọ̀ ṣì wà lára ògiri lókè ẹnu ọ̀nà wa, bí ọ̀dà rẹ̀ tilẹ̀ ti ń ṣí.

Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ni ọkọ mi ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Ó ní oòrùn a máa gbé ooru fún ilẹ̀ lọ́sàn-án; ilẹ̀ á gbé díẹ̀ mì, á sì dá díẹ̀ padà fún afẹ́fẹ́. Bí oòrùn bá wọ̀, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bi èyí tó gbé mì. Àwọn irin yẹn ló ń sọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Mo ní, "Ṣé nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbà yín síṣẹ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Mo ní iṣẹ́ iyì ni. N kò ṣẹ̀fẹ̀ o. Di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, n kò tíì fi ẹsẹ̀ kan inú okùn yẹn rí, kódà lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ gbé gèlè mi wọ ibẹ̀. Ọkọ mi ló fi igi gígùn fà á jáde.

Yàtọ̀ sí ilẹ̀ yìí, ẹ tún ní ilẹ̀ kejì. Inú kọ̀ǹpútà ni ìyẹn wà, ìṣirò lẹ fi ṣe é, àwòṣe lẹ sì ń pè é. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, ilẹ̀ ìta ló yẹ kí ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà máa wò kọ́ ìwà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ti rí láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ kò jọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ló dà bí ìyá ọkọ, ilẹ̀ ìta ló dà bí ìyàwó. Ohunkóhun tí ìyàwó bá ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yìí kọ́ nìyẹn. (Ìyá ọkọ tèmi kò burú o. Àwọn tí mo gbọ́ ìròyìn wọn lẹ́nu àwọn tí mo ń di irun fún ni mò ń wí.)

Nígbà tí ọkọ mi wà ní àpọ́n, kò sí wàhálà kankan. Ìta ló ti ń jẹun. Ẹ̀wù méjì ló ní; bó bá fọ ọ̀kan, á wọ ọ̀kan. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí àga rẹ̀ jẹ́ẹ́ bí àpò símẹ́ńtì. Àwòṣe yín fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò dáná, kò da omi, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo dé ni ọ̀rọ̀ dà rú, nítorí pé mo gbé sítóòfù dé, mo gbé bàsíà dé, mo gbé okùn ìsáṣọ dé, mo sì gbé ẹnu dé, nítorí mo máa ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ènìyàn kò bá pọ̀.

Okùn ìsáṣọ ló kọ́kọ́ lọ. Òṣìṣẹ́ yín kan wà tó máa ń wá wọn ilẹ̀, tó máa ń fi téèpù kọ́ ọrùn bíi télọ̀. Onítéèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í bínú sí i. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fọwọ́ ra orí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú o. Òjìji aṣọ yín ń kọjá okùn. Kò sí òjìji aṣọ nínú àwòṣe." Mo ní, "Bùrọ̀dá, aṣọ ni mo sá, n kò sá òjìji." Ó rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ká okùn náà, ó sì gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ni mò ń sáṣọ sí. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ti ń bu lára ìṣó. N kò fi ìyẹn sùn o, mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.

Lẹ́yìn aṣọ, ó kan igi. Igi náà ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn òṣìṣẹ́ yín fúnra wọn máa ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọn kò rí igi níbẹ̀. Wọ́n gé igi. Nígbà tí wọ́n gé e tán, ilẹ̀ gbóná sí i, àwọn irin ka ooru tí wọn kò kà rí, ni Ọ̀gá Onígíláàsì bá wá fúnra rẹ̀. Òun ni ọ̀gá tó ni àwòṣe náà, tó fi ìṣirò ṣe é. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn tó ìdí ìgò. Ó dúró sí ojú ibi tí ibòji wà tẹ́lẹ̀, ó ń fi ìwé fẹ́ ara, òógùn ń kán bọ́ láti imú rẹ̀, ó ní, "Ìṣirò kò lè ṣìnà. Ilẹ̀ yìí ni kò gbọ́ràn." Ó wá yíjú sí ilé wa, ó fín imú, ó ní, "Ta ló ń dáná níbẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀yin ọ̀gá, èmi ni. Mo sì jáde wá, mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ fún un pé èmi ni. Mo ní ẹ̀wà ló wà lórí iná, bóyá wọ́n máa jẹ nínú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó tún béèrè bóyá ó kù. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé sítóòfù wọlé. A gbé e wọlé. Ó tún ránṣẹ́ pé èéfín fèrèsé ń kọ lu òpó, kí a máa ti fèrèsé bí a bá ń dáná. A tì í. Ẹ ò ní mọ bí yàrá kan ṣe lè gbóná tó títí ẹ ó fi se ẹ̀wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé títì.

Nítorí ooru yẹn ni a ṣe ń jáde ní ìrọ̀lẹ́. Bí a bá jẹun tán, ọkọ mi á tẹ́ ẹní síwájú ilé, níwájú ilé wa o, kì í ṣe nínú okùn. A máa ń jókòó lé e, a máa ń sọ̀rọ̀ tí kò kan ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn a kì í sọ̀rọ̀. N kò lè kọ gbogbo rẹ̀ síhìn-ín. Àmọ́ ó jọ pé irin yín ń gbọ́, nítorí kò pẹ́ tí ìwé àkọ́kọ́ fi dé láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀. Ìwé náà ní láti bí oṣù mélòó kan, ilẹ̀ tó wà ní apá ilé mẹ́gáàdì ń tú ooru sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ìwádìí ti fi hàn pé "orísun ooru àìmọ̀" kan ló wà níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa lọ́jọ́ tí ìwé náà dé. Ọkọ mi kà á sókè. Ìyá ní, "Orísun ooru àìmọ̀? Ta nìyẹn?" Àgbọ̀n ni ọkọ mi fi júwe mi. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo rò pé o kàn ń tijú ni. N kò mọ̀ pé ìjọba ti ń fi irin wọ̀n ọ́!" Mo sá wọ inú yàrá. Wọ́n ṣì ń pariwo tẹ̀ lé mi pé kí n má sá, pé nǹkan ayọ̀ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe wá jẹ́ àìmọ̀? Onítéèpù mọ̀ mí. Èmi ni mò ń bu omi fún un mu bó bá wọn ilẹ̀ tán. Ọ̀gá Onígíláàsì mọ̀ mí, ó mọ ọwọ́ ọbẹ̀ mi pàápàá. Àwọn méjèèjì ń kí mi ní "Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o." Wọ́n á dé ọ́fíìsì tán, wọ́n á kọ ọ́ pé wọn kò mọ ohun tó ń gbóná níbẹ̀.

Ìwé kejì ló lé mi dé ìdí ẹ̀bẹ̀ yìí. Ẹ ní àwọn àgbà onímọ̀ kan ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè wá wò ó bí ilẹ̀ àti àwòṣe ṣe bára wọn mu. Ẹ ní nínú àwòṣe, ilẹ̀ gbalasa ló wà níbi tí ilé wa wà. Nítorí náà, kí àwọn àlejò tó dé, kí wọ́n wó ilé náà, kí wọ́n sì tẹ́ ojú rẹ̀ dọ́gba. Ẹ ní kí ọkọ mi máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó máa ṣọ́ ilẹ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ mi ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bí olè bá wọ ibẹ̀, ṣé kí n máa júwọ́ sí i ni?" Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí a ó kó lọ. A kò ní ibòmíràn. Yàrá ìyá ọkọ mi kún fún àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti àwọn ọmọ wọn. Bí a bá dé ibẹ̀, orí ìdúró la ó ti máa sùn.

Ni a bá wá bẹ̀ yín. Alága, ẹ kò sí lọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì tí ẹ ti ń wádìí ooru tutù tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí akọ̀wé obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà fi wọ súwẹ́tà méjì lérí ara wọn. Ìdí ẹ̀rọ amúlétutù yín ń fẹ́ ooru sí ojú títì, níbi tí àwa tó wá rí yín tò sí. Ó wù mí kí n béèrè bóyá ooru ìyẹn wà nínú àwòṣe, ojú tì mí.

Ọ̀gá Onígíláàsì ló gbà wá lálejò. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ilẹ̀ inú rẹ̀ hàn wá. Ẹ̀yin ọ̀gá, ó rẹwà. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí ewé kan, kò sí ipa ẹsẹ̀ kan, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀. Ibi kan búlúù, ibi kan pupa; ó ní ibi tó pupa ni ooru ilẹ̀ ìta kò ti bá ìṣirò mu, ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ sì ń fi hàn bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Mo wá ilé wa títí, n kò rí i. Mo ní, "Sà, ilé wa dà?" Ó ní, "Ilé wo?" Ọkọ mi na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ibí yìí ni, sà. Ibi tó pupa jù yìí, ibi tí bẹ́ẹ̀dì wa wà nìyẹn." Ọ̀gá ní kó má fi ọwọ́ kan án.

Mo wá béèrè bóyá wọn kò lè fi wá síbẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé òun kò fẹ́. Ó ní ohun mẹ́rin péré ni àwòṣe mọ̀ láyé: ilẹ̀ gbalasa, koríko, omi, àti òkúta. Ó ní, "Èwo lẹ jẹ́ nínú wọn?" Èmi àti ọkọ mi wo ojú ara wa. Ọkọ mi rò ó dáadáa, nítorí ó máa ń fẹ́ dáhùn ọ̀gá bó ṣe tọ́. Ó ní, "A kì í ṣe omi, sà."

Onítéèpù tó dúró lẹ́yìn wa ló gbà wá. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sí òkúta. Òkúta náà máa ń gba ooru lọ́sàn-án, á sì tú u sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn náà ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn." Ọ̀gá Onígíláàsì ronú, ó wo ọkọ mi látòkè délẹ̀, ó wo èmi náà. Ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Ibi tó pupa náà yí padà, ó di àwọ̀ eérú, ìlà ilẹ̀ ìta àti ìlà inú kọ̀ǹpútà sì lẹ̀ mọ́ra wọn bí ìbejì. Ó fò dìde. Ó ní, "Ó bára mu!" Ó bọ ọkọ mi lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ń ṣọ́ ilẹ̀ fún un, kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rí, ìgbà tó di òkúta ló rí ọwọ́ bọ̀. Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀. Èrò mi ni pé ilé wa kò ní wó mọ́. Bí mo ṣe wọ ọ́fíìsì yín ní ènìyàn nìyẹn, tí mo sì jáde ní òkúta, inú mi sì dùn délé.

Ìwé àdéhùn tó tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí inú mi dùn pẹ́. Onítéèpù ló mú un wá pé kí ọkọ mi fọwọ́ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí a ti jẹ́ òkúta, ìwà òkúta la gbọ́dọ̀ máa hù. Òkúta kì í dáná. Òkúta kì í da omi sílẹ̀. Òkúta kì í ṣí fèrèsé, kì í gbálẹ̀, kì í tẹ́ ẹní jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ní, "Jẹ́ ká fọwọ́ sí i. Orúkọ kì í pa ènìyàn. Wọ́n ń pè mí ní mẹ́gáàdì, ṣé mo kú ni?" Ìyá ọkọ mi ní ká má dán an wò. Wọ́n ní, "Ènìyàn ni mo bá ọmọ mi fẹ́. N kò rán ẹnikẹ́ni lọ sí odò kó lọ bá mi gbé òkúta wálé."

Èmi náà ì bá gbà. Mo lè jẹ́ òkúta lọ́sàn-án, nítorí n kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, ìsọ̀ irun ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà. Ó ń ṣòro fún mi láti kọ ọ́, ọkọ mi nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún. Mo ti fẹ́ra kù. Ìyá ọkọ mi kò tíì gbọ́, nítorí náà bí ẹ bá ń fèsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ sí ara àpò ìwé. Ẹ̀yin ọ̀gá, òkúta kì í fẹ́ra kù. Ọmọ yìí á nílò omi gbígbóná, iná ló sì ń mú omi gbóná. Á nílò aṣọ tí oòrùn sá, á nílò fèrèsé. Á máa sunkún, n kò sì mọ̀ bóyá ẹkún ń gbé ooru jáde, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Bí mo bá jẹ́ kí ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé yìí, kí lẹ máa wá kọ ọmọ náà sí? Ṣé ọmọ ọlọ ni?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ má wó ilé náà. Bó bá jẹ́ pé òkúta náà la gbọ́dọ̀ jẹ́ kó má baà wó, a gbà, kò burú, ẹ ṣáà jẹ́ kó jẹ́ òkúta tó ń dáná lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, tó sì ń ṣí fèrèsé. Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò bá fẹ́ dé, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi láti òwúrọ̀, a ó sì gbé ooru wa dání. Bí wọ́n bá lọ tán, a ó padà. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọwọ́ Ọ̀gá Onígíláàsì dilẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́, kó bá wa fi ohun karùn-ún kún mẹ́rin tí àwòṣe mọ̀. Kó pè é ní ènìyàn. Kò ní gba àyè púpọ̀. Àwa méjì péré ni, kí a tó di mẹ́ta.

N kò kọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ yín dára, inú kọ̀ǹpútà yín mọ́, ọkọ mi sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Mo nígbàgbọ́ pé Alága náà ní ilé, pé ìyàwó wọn ń dáná níbẹ̀, ooru sì ń jáde, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ wó o. Mo ń retí èsì yín, mo sì dúpẹ́ bíi pé ó ti dé.

Èmi ni tiyín tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn,

Ìyàwó Mẹ́gáàdì,
Adirun, Olùgbé Ilé Oníyàrá Kan.

Àfikún: Mo ti ká ìwé yìí kí n tó tún tú u. Àwọn òṣìṣẹ́ yín dé láàárọ̀ yìí. Èrò mi ni pé wọ́n mú ìròyìn ayọ̀ wá, nítorí wọn kò gbé òòlù tàbí nǹkan mìíràn tí wọ́n fi ń wólé dání. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n gbé wá, àti símẹ́ńtì, àti ọ̀dà aláwọ̀ eérú. Onítéèpù ní kí n má bẹ̀rù, pé kò sí ẹni tó máa wó ilé wa mọ́ láéláé. Ó ní Ọ̀gá Onígíláàsì ti kọ̀wé sí àwọn àlejò pé òkúta ńlá kan wà níbẹ̀, àwọn àlejò sì ti ní òkúta náà ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí, nítorí náà ó di dandan kí òkúta wà. Mo ní ọkọ mi kò tíì fọwọ́ sí ìwé o. Ó ní ọ̀gá ti bá a fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n dúró de èsì Alága. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ náà kò ní pẹ́." Wọ́n ti kun ògiri ẹ̀yìn. Òkúta kì í ní fèrèsé, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí tiwa, ìyẹn ló fà á tí ìlà mi fi wọ́ báyìí, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo fi ń kọ ọ́. Ọkọ mi ń pè mí láti ìta, ohùn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Ó ní kí n ju bírò sílẹ̀, kí n gbé ẹní àti sítóòfù, kí n sáré jáde, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ló kù tí wọn ò tíì